Agbára Etí Ọ̀sà: Ohun Tí Iṣẹ́ Àtijọ́ Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ Lè Kọ́ Ẹni Tó Ń Padà Sídìí Irin

Ọ̀rọ̀ méjì ló sábà máa ń jáde lẹ́nu àwọn ènìyàn nígbà tí ẹni tó ti fi irin gbígbé sílẹ̀ láti ọdún pípẹ́ bá ní òun fẹ́ padà sídìí rẹ̀. Àwọn kan á ní àwọn baba wa kò gbé irin kankan, síbẹ̀ wọ́n lágbára jù wá lọ, pé inú ẹ̀jẹ̀ ni agbára wọn wà. Àwọn mìíràn á ní nǹkan òyìnbó ni, pé ẹni tí kò bá lówó ìyẹ̀fun purotéènì inú ike tó ń ti òkè òkun wá, kó má wulẹ̀ dá ara rẹ̀ láàmú. Ìtàn Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ kò gbè sẹ́yìn ọ̀kankan nínú wọn. Iṣẹ́ ló bí agbára tí a ń fi àwọn baba àti ìyá wa yangàn fún: iṣẹ́ tó ń wúwo sí i díẹ̀díẹ̀ láti kékeré, tó ní ọjọ́ tirẹ̀, tó sì ní oúnjẹ tó bá a mu. Iṣẹ́ náà ti kúrò lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ wa, oúnjẹ rẹ̀ ló ṣẹ́ kù sínú abọ́. Èrò mi ni pé ìlànà iṣẹ́ yẹn, bí a bá yọ ìyà inú rẹ̀ kúrò, ni ẹ̀kọ́ tó péye jù fún ẹni tó ń padà sí jíìmù, àti pé ìmọ̀ ìṣègùn òde òní ti rìn títí, ibẹ̀ náà ló padà gúnlẹ̀ sí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo irú ìlú tí wọ́n jẹ́. Ìlú Rẹ́mọ ni Ìkòròdú, ó wà létí ọ̀sà Èkó lápá àríwá, níbi tí ọ̀nà tó ti Ìbàdàn àti Ṣàgámù wá ti pàdé omi. Epo pupa, ẹkùrọ́ àti irè oko ń gba ibẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ sí Èkó. Iyọ̀, aṣọ àti ìbọn ń gba ibẹ̀ gòkè. Nítorí ọ̀nà òwò yìí ni àwọn Ẹ̀gbá fi dó ti ìlú náà, títí Glover tó ń ṣàkóso Èkó nígbà náà fi rán ọmọ ogun wá lé wọn ní ọjọ́ 29 oṣù Kẹta ọdún 1865. Ẹ̀pẹ́ ní tirẹ̀ ni Kòsọ́kọ́, Ọba Èkó, forí lé lẹ́yìn tí ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì yìnbọn lu Èkó ní oṣù Kejìlá ọdún 1851. Ibẹ̀ ló ti ń darí òwò àti ọkọ̀ ogun rẹ̀, ibẹ̀ ló wà tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì fi bá a ṣàdéhùn ní 1854, kó tó padà sí Èkó ní 1862. Ẹ̀pẹ́ yìí kan náà ni àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì gúnlẹ̀ sí ní oṣù Karùn-ún ọdún 1892 nígbà tí wọ́n ń lọ gbógun ti Ìjẹ̀bú-Òde, àwọn aláàárù ló sì ru ohun ìjà àti oúnjẹ wọn wọ inú igbó. Ẹṣin kò lè ṣe iṣẹ́ náà, kẹ́tẹ́kẹ́tẹ́ kò lè ṣe é, nítorí àìsàn tí eṣinṣin tsetse ń kó ran ẹran ọ̀sìn kì í jẹ́ kí wọ́n pẹ́ láyé nínú igbó wa. Ohunkóhun tó bá fẹ́ dé etí omi, orí ènìyàn ló máa gùn dé ibẹ̀. Bó bá sì dé omi tán, apá ènìyàn ni yóò fi àjẹ̀ tàbí ọ̀pá tu ú dé Èkó.

Báwo wá ni ẹrù náà ṣe wúwo tó? Ìdí ìbéèrè yìí ni àròsọ ti máa ń wọlé, tí àwọn ènìyàn yóò máa sọ̀rọ̀ bí ẹni pé àwọn ará àtijọ́ ń ru òkè. Owó ẹyọ fún wa ní ẹ̀rí kan tó dá mi lójú. Ọ̀kẹ́ kan jẹ́ 20,000 ẹyọ owó, ẹyọ kékeré tí wọ́n ń ná nígbà náà sì tó bí 400 kó tó wọn pọ́n-ùn kan. Èyí túmọ̀ sí pé ọ̀kẹ́ kan wúwo tó bí kílò 23, bẹ́ẹ̀ ọ̀kẹ́ kan ni ènìyàn kan lè rù rin ọ̀nà jíjìn. Nígbà tí ìjọba òyìnbó wá ń díwọ̀n ẹrù fún àwọn aláàárù tiwọn káàkiri Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, bí 60 pọ́n-ùn, èyí tó jẹ́ kílò 27, ni wọ́n fi ṣe òṣùwọ̀n. Ọ̀pá irin tí a kò tíì fi nǹkan kan kọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ nínú jíìmù ńlá jẹ́ kílò 20. Ẹrù tó kọ́ àwọn ará etí ọ̀sà lágbára kò fi bẹ́ẹ̀ ju ọ̀pá lásán lọ. Ohun tó fi sọ ara wọn di líle ni pé wọ́n rù ú lọ́pọ̀ ìgbà, wọ́n rù ú dáadáa, ọ̀nà rẹ̀ jìn, wọn kò sì dá a dúró fún ọdún márùn-ún kí wọ́n tó tún bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá padà sí jíìmù lónìí tó sì ń wá irin tó wúwo jù nínú ilé láti fi gbà pé òun ṣì jẹ́ ọkùnrin, kò rí ohun tí yóò tọ́ka sí nínú ìtàn yìí.

Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà wọ iṣẹ́ náà tún ṣe pàtàkì ju ìwọ̀n ẹrù lọ. Kò sẹ́ni tó jí lọ́jọ́ kan tó sì ru kílò 27. Ọmọdé á kọ́kọ́ ru igbá kékeré tẹ̀lé ìyá rẹ̀ lọ sọ́jà, orí rẹ̀ á mọ òṣùká, ọrùn rẹ̀ á mọ bí a ti ń dúró ṣánṣán, kí ẹrù tó máa tóbi bí òun náà ti ń dàgbà. Lórí omi, ọmọ apẹja á ti máa gbọ́n omi inú ọkọ̀ kó tó gba àjẹ̀ mú, á ti máa tu ọkọ̀ létí ilé kó tó di ẹni tí ń bá wọn fa àwọ̀n. Ọjà náà sì ní ọjọ́ tirẹ̀. Ọjà ọrún-ọrún àti ìsán-ìsán fi àyè sílẹ̀ láàárín ọjọ́ ẹrù ńlá kan àti òmíràn fún ẹni tó ń ru ẹrù ara rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé iṣẹ́ oko àti ti ilé kì í tán. Ó tún ku ohun kan tí àwọn tó ń gbé irin lónìí kì í kíyè sí: ẹrù tó bá wúwo, ẹnì kan kì í dá a gbé karí. Ẹni tó fẹ́ rù ú á pe ẹlòmíràn pé, “Ẹ bá mi gbé e,” bó bá sì débi tó ń lọ, wọ́n á bá a sọ̀ ọ́ kalẹ̀. Gbígbé àti sísọ̀ ni ibi tí ẹ̀yìn àti ọrùn ti máa ń ṣẹ́, wọ́n sì mọ̀ ọ́n. Nínú jíìmù Ìkòròdú tàbí Ẹ̀pẹ́ lónìí, ẹni tó dùbúlẹ̀ sábẹ́ irin láìsí ẹni tó dúró sí orí rẹ̀ ti pa ẹ̀kọ́ tí àwọn aláàárù kò ní láti kà nínú ìwé tì.

Ìmọ̀ ìṣègùn pẹ́ díẹ̀ kó tó dé ibi yìí. Ní ìgbà Ogun Àgbáyé Kejì, Thomas DeLorme, dókítà ọmọ ogun Amẹ́ríkà, ń tọ́jú àwọn ọmọ ogun tí orúnkún wọn ti fara pa. Ìwà àwọn dókítà ìgbà náà ni kí irú ẹni bẹ́ẹ̀ sinmi, tàbí kó máa ṣe eré ìdárayá fẹ́rẹ́fẹ́rẹ́ tí kò ní ẹrù nínú. DeLorme fún wọn ní irin gbé, ó sì ń fi kún un bí agbára wọn ti ń pọ̀ sí i. Ó tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1945. Lákọ̀ọ́kọ́ ó máa ń jẹ́ kí wọ́n gbé e tó ìgbà 70 sí 100 lẹ́ẹ̀kan, ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa di 1948, òun àti Arthur Watkins ti rí i pé ìyẹn pọ̀ jù. Wọ́n dín in kù sí ọ̀wọ́ mẹ́ta, ìgbà mẹ́wàá ní ọ̀wọ́ kọ̀ọ̀kan: ọ̀wọ́ kìíní pẹ̀lú ìdajì ohun tí ẹni náà lè gbé nígbà mẹ́wàá, ìkejì pẹ̀lú ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin rẹ̀, ìkẹta pẹ̀lú odindi. Èyí ni ìpìlẹ̀ tí ọ̀pọ̀ ètò irin gbígbé fún ẹni tó ń kọ́ṣẹ́ ṣì dúró lé títí dòní. Àwọn tí wọ́n sì kọ́kọ́ ṣe é fún jẹ́ ènìyàn tó ti lágbára rí, tí ara wọn wá dẹ̀, tí wọ́n sì ń padà bọ̀. Bí a bá yọ orúkọ ilé ìwòsàn àti ọdún kúrò, ìlànà ọmọ tó bẹ̀rẹ̀ láti igbá kékeré ni.

Àtakò kan wà tó yẹ ká gbọ́ níbí. Ẹni tó ń padà kì í ṣe ọmọdé. Ó ti gbé irin rí, ara rẹ̀ ṣì rántí, kí ló dé tí yóò fi bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀? Òótọ́ wà nínú ọ̀rọ̀ náà. Ìwádìí kan tí àwọn onímọ̀ ní Norway tẹ̀ jáde ní 2010 lórí àwọn eku fi hàn pé nígbà tí iṣan bá tóbi, ó máa ń gba àwọn ìdí-èso (nucleus) tuntun sínú àwọn fọ́nrán rẹ̀, wọn kì í sì í tètè sọnù bí iṣan náà bá tilẹ̀ rọ. A sì mọ̀ lára ènìyàn pé ẹni tó ti gbé irin rí máa ń tètè rí agbára rẹ̀ gbà padà ju ẹni tí kò gbé e rí lọ. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ gan-an ni ewu wà. Iṣan a máa yára padà, àwọn okùn tó so iṣan mọ́ egungun kì í yára tó bẹ́ẹ̀, bẹ́ẹ̀ ni oríkèé. Ọkàn sì ń rántí iye tó gbé lọ́dún náà lọ́hùn-ún, tí ejìká kò rántí mọ́. Ẹni tó bá fi ọjọ́ kìíní gba gbogbo ohun tó sọnù padà lè ya iṣan débi pé èròjà inú rẹ̀ á máa ṣàn sínú ẹ̀jẹ̀, tí yóò sì pa kíndìnrín lára. Bí ìtọ̀ ẹnikẹ́ni bá pọ́n dúdú bíi kóòkì lẹ́yìn irú ìdárayá bẹ́ẹ̀, ilé ìwòsàn ni kó gbà lọ lójú ẹsẹ̀. Nítorí náà, mo gbà pé ẹni tó ń padà yóò gun àkàsọ̀ náà kíá ju ọmọ tuntun lọ. Ohun tí n kò gbà ni pé kó fo ìsàlẹ̀ rẹ̀. Ìdajì ohun tó ń gbé tẹ́lẹ̀, ẹ̀ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀, pẹ̀lú ọjọ́ kan ó kéré tán láàárín, tó fún oṣù kìíní. Àjọ Ìlera Àgbáyé náà, nínú ìlànà tó gbé jáde ní 2020, kò béèrè ju ọjọ́ méjì lọ́sẹ̀ fún ìdárayá tó ń mú iṣan le lọ́wọ́ àgbàlagbà.

Ìdí tí a fi nílò jíìmù rárá wà nínú bí iṣẹ́ ṣe kúrò. Ní 1901, ojú irin Èkó sí Ìbàdàn ṣí, ẹrù tó ń gba etí ọ̀sà sì bẹ̀rẹ̀ sí í gba ọ̀nà mìíràn. Títì ọkọ̀ tẹ̀lé e, ó so Ìkòròdú mọ́ Èkó ní ilẹ̀, àwọn ọjà etí omi bí Ẹ̀jìnrìn kò sì rí ara wọn gbé bíi ti tẹ́lẹ̀ mọ́. Ẹ̀rọ wọ ìdí ọkọ̀ ojú omi, apá sinmi. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkó sílẹ̀ ní ọjọ́ 27 oṣù Karùn-ún ọdún 1967, Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ wà lára ẹ̀ka márùn-ún rẹ̀, ìgbésí ayé wọn sì túbọ̀ ń so mọ́ iṣẹ́ oṣù ní àárín Èkó. Lónìí ẹni tó ń gbé Ìkòròdú lè kúrò nílé kí ilẹ̀ tó mọ́, kó jókòó nínú bọ́ọ̀sì dé Mile 12, kó jókòó níbi iṣẹ́, kó sì tún jókòó nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ padà wálé lálẹ́. Ó rẹ̀ ẹ́ tẹnutẹnu, ara rẹ̀ kò sì ṣe iṣẹ́ kankan. Ohun tí ìjókòó ń fà ti hàn láti 1953, nígbà tí Jeremy Morris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi àwọn awakọ̀ bọ́ọ̀sì alájà méjì ti London wé àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ tó ń gun àtẹ̀gùn inú bọ́ọ̀sì kan náà lójoojúmọ́. Àìsàn ọkàn wọ́pọ̀ lára àwọn awakọ̀ ju ti àwọn kọ̀ńdọ́kítọ̀ lọ. Ọkọ̀ kan náà ni wọ́n wà. Àtẹ̀gùn ló yà wọ́n sọ́tọ̀.

Oúnjẹ kò bá iṣẹ́ lọ, òun ló dúró, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ jíjẹ àti mímu ti wọlé. Ìkọ́kọrẹ́ tí wọ́n fi ewùrà ṣe, ẹ̀bà tí wọ́n fi gàrí Ìjẹ̀bú tẹ̀, fùfú àti láfún, gbogbo wọn jẹ́ oúnjẹ afáralókun tó yẹ ẹni tí yóò tu ọkọ̀ láti òwúrọ̀ dé ọ̀sán. Gíráàmù 100 gàrí gbígbẹ ní agbára tó bíi kálórì 350, ṣùgbọ́n èròjà amáradàgbà inú rẹ̀, èyí tí àwọn dókítà ń pè ní purotéènì, kò ju gíráàmù kan sí méjì lọ. Omi ọ̀sà ló ń dí àlàfo yìí: àrọ̀, ẹpìyà, edé, akàn, ẹja tí wọ́n yan lórí àdògán kó lè pẹ́. Ìkọ́kọrẹ́ gidi kì í ṣe ewùrà lásán. Ẹja ni ọ̀gá inú rẹ̀. Nígbà tí ẹja bá wọ́n tí ewùrà sì pọ̀, abọ́ ṣì máa ń kún, ikùn ṣì máa ń yó, ṣùgbọ́n iṣan kò rí nǹkan kan fi kọ́lé. Ohun tí irú abọ́ bẹ́ẹ̀ lè ṣe fún ọmọdé ni Dókítà Cicely Williams ṣàpèjúwe ní Gold Coast, tí a ń pè ní Gánà báyìí, ní àwọn ọdún 1930, nígbà tó kọ̀wé nípa kuwaṣiókọ̀ lára àwọn ọmọ tí wọ́n já lẹ́nu ọmú sídìí oúnjẹ àgbàdo. Àgbàlagbà kì í sábà ní kuwaṣiókọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó ń gbé irin lórí ẹ̀bà àti omi ọbẹ̀ ń ṣe iṣẹ́ ọ̀fẹ́. Ní Ẹ̀pẹ́, àjọyọ̀ Káyó-Káyó tí àwọn Èkó Ẹ̀pẹ́, ìran àwọn tó bá Kòsọ́kọ́ wá, ń ṣe lẹ́yìn Iléyá láti fi rántí dídé Kòsọ́kọ́ jẹ́ ọjọ́ àjẹyó, ó sì dára bẹ́ẹ̀. Lọ́dún kan ẹ̀ẹ̀kan ni ó ń wáyé. Ẹni tó bá ń ṣe Káyó-Káyó lálaalẹ́ láìtu ọkọ̀ lówùúrọ̀ mọ ibi tí yóò já sí.

Iye tó yẹ kò ṣòro láti ṣírò. Àjọ Ìlera Àgbáyé àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ fi gíráàmù 0.83 purotéènì fún kílò kọ̀ọ̀kan ara ènìyàn ṣe òṣùwọ̀n lójúmọ́ fún àgbàlagbà tó ní ìlera. Fún ẹni kílò 70, ìyẹn jẹ́ bíi gíráàmù 58. Ẹni tó ń gbé irin nílò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àkójọpọ̀ ọ̀pọ̀ ìwádìí tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 2018 fi hàn pé àǹfààní fún iṣan ń pọ̀ títí dé bíi gíráàmù 1.6 fún kílò kan, lẹ́yìn èyí kò fi bẹ́ẹ̀ sí ìyàtọ̀ mọ́. Fún ẹni kílò 70 yìí, ó jẹ́ bíi gíráàmù 112. Ẹ wo bí yóò ṣe rí láti ọjà ẹja Olúwo ní Ẹ̀pẹ́: ẹyin méjì láàárọ̀ jẹ́ gíráàmù 12, abọ́ ẹ̀wà sísè kan ní ọ̀sán lè tó 20, ẹja tó tó gíráàmù 250, tí a pín sí ọ̀sán àti alẹ́, tó bí 50, ẹ̀pà ẹ̀kúnwọ́ kan jẹ́ bíi 7, ìrẹsì tàbí ẹ̀bà tí a fi jẹ ẹ́ á fi díẹ̀ kún un. Ó ti lé ní 58 dáadáa, ó sì ń sún mọ́ 112 náà. Àwọn kan á ní ẹja wọ́n lónìí, ìyẹn kì í sì í ṣe irọ́. Ṣùgbọ́n ike ìyẹ̀fun náà wọ́n ju ẹja lọ, kò sì sí ohun tó wà nínú rẹ̀ fún iṣan tí ẹ̀wà, ẹyin, ṣáwá àti wàrà sóyà kò ní. Ẹni tí owó rẹ̀ kéré, kó dín òkèlè kù díẹ̀, kó fi owó náà kún ẹ̀wà. Ẹni tó ní àìsàn kíndìnrín, kó bá dókítà rẹ̀ sọ̀rọ̀ kó tó fi kún purotéènì rárá.

Àtakò tó wúwo jù, tí n kò sì fẹ́ fò dá, ni pé mò ń fi iṣẹ́ tó pa àwọn ènìyàn lára kọ́ni lẹ́kọ̀ọ́. Òwò ẹrú wà lára òwò Kòsọ́kọ́. Ọ̀pọ̀ àwọn tó ń ru ẹrù tí wọ́n sì ń tu ọkọ̀ ní ọ̀rúndún 19 jẹ́ ẹrú tàbí ìwọ̀fà, wọn kò yan ìwọ̀n ẹrù wọn, wọn kò sì yan ọjọ́ ìsinmi wọn. Àárù ìjọba òyìnbó pẹ̀lú, ọ̀pọ̀ ìgbà ni wọ́n fi ipá mú ènìyàn ṣe é. Títí dòní, àwọn tó ń fi garawa wa yanrìn lábẹ́ ọ̀sà, tí wọ́n ń rì wọ omi láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́, àti àwọn aláàárù ọjà, ara wọn le lójú, ẹ̀yìn àti orúnkún ń ro wọ́n ní kọ̀rọ̀. Ìwádìí gbè fún àtakò yìí. Àkójọpọ̀ ìwádìí kan ní 2018 fi hàn pé àwọn ọkùnrin tí iṣẹ́ òòjọ́ wọn jẹ́ iṣẹ́ alágbára wà nínú ewu ikú àìtọ́jọ́ tó fi ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún ju ti àwọn tí iṣẹ́ wọn rọrùn lọ, nígbà tó jẹ́ pé ìdárayá tí ènìyàn fi ọwọ́ ara rẹ̀ yàn máa ń dín ewu kù. Mo gba gbogbo rẹ̀, ohun tó sì fi hàn mí ni pé ẹrù fúnra rẹ̀ kọ́ ni oògùn, bẹ́ẹ̀ ni òun fúnra rẹ̀ kọ́ ni májèlé. Ìwọ̀n, ìsinmi, oúnjẹ àti agbára láti sọ pé “ó tó” ló ń pinnu èwo ni yóò jẹ́. Ẹrú kò ní agbára yẹn. Ẹni tó san owó jíìmù rẹ̀ ní in, ìyà gidi sì ni pé kó ní in tán, kó wá máa lo ara rẹ̀ bí ẹni tí ọ̀gá ń lé kiri.

Àwọn kan á tún ní iṣẹ́ ọkùnrin ni irin gbígbé, tàbí iṣẹ́ ọ̀dọ́, pé kí obìnrin àti àgbà jìnnà sí i. Ẹ̀rí ilẹ̀ wa kò fara mọ́ èyí. Àwọn obìnrin ló ru ìdá ńlá nínú ẹrù ọjà etí ọ̀sà, àwọn náà ló sì ń gbé apẹ̀rẹ̀ ẹja ní Ẹ̀pẹ́ títí di ìsinsìnyí. Nígbà tí ìdíje Òlíńpíìkì gba obìnrin láyè láti gbé irin fún ìgbà àkọ́kọ́, ní Sydney ní ọdún 2000, ọmọ Nàìjíríà, Ruth Ogbeifo, gba fàdákà. Ní Birmingham ní 2022, Adijat Ọlárìnóyè àti Rafiatu Lawal gba wúrà nínú ìdíje Kọmọnwẹ́ẹ̀tì. Fọláṣadé Olúwafẹ́miáyọ̀ gba wúrà fún irin gbígbé nínú ìdíje Paralympic ní Tokyo, ó sì tún gbà á ní Paris ní 2024. Ní ti àgbà, àwọn dókítà ní Amẹ́ríkà fún àwọn arúgbó tó jẹ́ ẹni ọdún 86 sí 96 ní irin gbé fún ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, wọ́n sì tẹ àbájáde rẹ̀ jáde ní 1990: ní ìpíndọ́gba, agbára ẹsẹ̀ wọn fi ìdá 174 nínú ọgọ́rùn-ún lé sí i. Ohun tí àgbà nílò ju ọ̀dọ́ lọ ni ìṣọ́ra. Ní 1985, àwọn onímọ̀ ní Kánádà wọn ẹ̀jẹ̀ ríru nínú iṣan ẹ̀jẹ̀ àwọn tó ń gbé irin, wọ́n sì rí i pé nígbà tí wọ́n bá ń fi ẹsẹ̀ méjèèjì ti ẹrù tó wúwo jù, ó máa ń gòkè dé bíi 320 lórí 250 fún ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀. Ẹni tó ti lé ní ọmọ ọdún 40, kó lọ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru rẹ̀ kó tó fọwọ́ kan irin. Nígbà tó bá sì ń gbé e, kó máa mí síta. Kó má sé èémí mọ́nú.

Ohun tí gbogbo ẹ̀rí yìí ń tọ́ka sí kò ṣòro. Ìran kò bí agbára, ike kò tà á. Ẹrù tó mọ níwọ̀n ló kọ́ àwọn ará Ìkòròdú àti Ẹ̀pẹ́ lágbára, èyí tí a ń fi kún díẹ̀díẹ̀, tí ẹlòmíràn ń báni gbé karí, tí ọjọ́ wà láàárín rẹ̀, tí ẹja sì wà nínú oúnjẹ rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti yọ àwọn nǹkan wọ̀nyí kúrò, tí wọ́n fi ipá rọ́pò wọn, ó pa ènìyàn lára nígbà náà, yóò sì pa á lára lónìí. Jíìmù olówó ńlá kò pọn dandan: agolo ọ̀dà méjì tí wọ́n da sìmẹ́ńtì sí, tí ọ̀pá irin so pọ̀, gẹ́gẹ́ bí ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ ti ń ṣe nínú ọgbà ilé wọn, tó láti bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀yin tó ń padà sídìí irin, ẹ wọn ẹ̀jẹ̀ ríru yín, ẹ mú ìdajì ohun tí ẹ ń gbé tẹ́lẹ̀, ẹ gbé e lọ́jọ́ méjì lọ́sẹ̀ yìí, kí ẹ sì jẹ́ kí ẹja àti ẹ̀wà ṣáájú òkèlè nínú abọ́ yín. Tó bá di oṣù tó ń bọ̀, ẹ fi díẹ̀ kún un.